Àlọtúnlọ: Ìdílé àti Ọkọ̀ Afẹ́ Ojú Òkun

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ka àjò sí ohun tí ó ní ibi tí a ń lọ, tí ó ní nǹkan tí a ń lọ ṣe níbẹ̀, tí ilé sì wà lẹ́yìn tí ó ń retí ẹni. Irú àjò kan wà láyé òde òní tí òwe yìí kò bá mu dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ni ìdílé yóò wọ ọkọ̀ ní èbúté Miami ní ìpínlẹ̀ Florida; ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ kan náà yóò já wọn sílẹ̀ ní èbúté kan náà. Láàárín ọjọ́ méje yìí, ọkọ̀ yóò ti yà ní erékùṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Òkun Kàríbíà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀kankan nínú wọn ni òun torí rẹ̀ kúrò nílé. Ọkọ̀ gan-an ni wọ́n lọ. Bí ọdún bá yí po, wọn a tún lọ. Àwọn ìdílé wà tí wọ́n ti ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n wọ ọkọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ti ń fá irùngbọ̀n báyìí. Ìbéèrè tí ó wá kàn wá ni pé: ǹjẹ́ irú afẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sú ènìyàn nígbẹ̀yìn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ olówó ni èyí, pé ẹni tí kò rí ìsinmi ọjọ́ kan gbà kò ní í jókòó máa ronú bóyá ìsinmi ti ń sú òun. Èrò yìí kò tọ̀nà tán. Kì í ṣe olówó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Olówó gidi ní ọkọ̀ tirẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn ènìyàn tiwa pàápàá wà nínú wọn: láti Houston, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, ìwọ̀n wákàtí kan ni mọ́tò fi ń dé èbúté Galveston, ọkọ̀ Carnival sì ti ń gbéra níbẹ̀ láti 2000. Fún ìyá tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn láti oṣù dé oṣù, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní láti lò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí ó bá ná an síbi tí kò yẹ, ó di ọdún mìíràn kí ó tó rí irú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ ọkọ̀ ojú omi dáadáa. Aureol, tí ilé-iṣẹ́ Elder Dempster fi ń ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó láti 1951 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ sí Liverpool, ó sì kó wọn padà wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi. Wọ́n jẹun, wọ́n jó, wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ tí ó bá wọn kalẹ́; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Aureol ti ń sú òun, nítorí pé Aureol kì í ṣe ohun tí a ń gbádùn, ọ̀nà ni. Ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà máa ń wo iwájú. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá 1958 tí bàálù jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá èrò tì. Àwọn oníṣòwò kan wá rí i pé bí ènìyàn kò bá fẹ́ ọkọ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà, ó ṣì lè fẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ibùdó. Ọkọ̀ àlòkù kan tí ó ti ń ná Àtìláńtíìkì tẹ́lẹ̀ ni Ted Arison fi dá ilé-iṣẹ́ Carnival sílẹ̀ ní 1972. Ó sọ ọ́ ní Mardi Gras. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kó èrò gbéra ní Miami, orí iyanrìn ni ó lọ jókòó sí, ibi tí ó jókòó sí kò sì jìnnà sí èbúté. (Àwọn èrò kò torí èyí dá ayẹyẹ dúró. Ó yẹ kí a ti fi ìyẹn mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn ni wọ́n bá wá.) Láti 1977 títí di 1986, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The Love Boat wá kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé inú ọkọ̀ ni ayọ̀ wà, pé èbúté kàn jẹ́ ibi tí a ti ń pààrọ̀ èrò ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ọkọ̀ afẹ́ ní láti kà á sí eré orí ìtàgé, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ìran rẹ̀ kì í yí padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọn yóò kọ́ èrò bí wọn yóò ṣe sá àsálà bí ewu bá dé. Lẹ́yìn náà, orin yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ní alẹ́ kejì, gbogbo èrò yóò wọ aṣọ iyì, ọ̀gá ọkọ̀ yóò jáde nínú aṣọ funfun, wọn yóò sì ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ti ibi oúnjẹ alẹ́ dé, wọn yóò bá tówẹ̀lì lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹni tí ń tọ́jú yàrá ti ká bí erin. Ní alẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀bọ ni yóò jẹ́. Oúnjẹ yóò wà lórí tábìlì láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di ọ̀gànjọ́, ẹni kan kò sì ní í béèrè pé ta ni ó sè é. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, ẹrù yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ lé gbogbo wọn jáde. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, èrò mìíràn ti ń wọlé, erin tuntun sì ti ń retí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà àkọ́kọ́, ìran yìí jẹ́ àwòmálèlọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó bá erin tówẹ̀lì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ní í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní ìgbà kẹta, ó ti mọ̀ pé ọ̀bọ ni ó kàn. Ní ìgbà karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ti lè ká a. Àwọn kan yóò sọ pé ibẹ̀ ni adùn ti tán. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ó lè jẹ́ pé ọmọ náà yóò ti tówẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè rí àyè sùn, ó sì lè jẹ́ pé yóò ká a fún àbúrò rẹ̀ nílé ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti já wọn sílẹ̀. Èyí èkejì ni kò tíì sú.

Ìwé tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àròkọ David Foster Wallace, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2008. Ìwé ìròyìn Harper's ni ó rán an wọ ọkọ̀ Zenith fún òru méje ní oṣù kẹta 1995. Àròkọ náà jáde ní 1996, nígbà tí ó sì di 1997 ó wọ inú ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ A Supposedly Fun Thing I'll Never Do Again. Àkọlé yìí ti dáhùn ìbéèrè wa kí a tó ṣí ojú ewé kìn-ín-ní: ohun tí àwọn ènìyàn pè ní ìgbádùn ni, òun kò sì ní í ṣe é mọ́ láé. Ojú Wallace mú. Ó rí i pé ohun tí àwọn oníṣòwò ń ṣèlérí ni pé wọn yóò tọ́jú àgbàlagbà bí ẹni ń tọ́jú ìkókó títí tí kò fi ní í ku ohun tí ó fẹ́. Ó sì fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ láti fi hàn pé ìkókó tí ó wà nínú ènìyàn kì í yó. Bí wọ́n bá ti fún un ní èyí tí ó fẹ́ lánàá, ìyẹn ni yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí yóò béèrè lónìí.

Àlàyé yìí gún régé, ó sì ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń sọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó sọ ọ́. Òun nìkan ni ó lọ. Kò sí aya, kò sí ọmọ, kò sí ìyá àgbà tí ó ń tì nínú kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ni ó bá lọ, owó ìwé ìròyìn ni ó sì ná. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó lọ. Ọ̀rọ̀ "láé" tí ó wà nínú àkọlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ bí ojúkòkòrò ṣe ń dàgbà láàárín òru méje, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdílé láàárín ọdún mẹ́wàá. Gbogbo ohun tí ó ń rí ni ohun tí ọkọ̀ ń ṣe fún èrò. Ohun tí èrò ń ṣe fún ara wọn pamọ́ fún un, nítorí kò ní ẹni tí yóò ṣe é fún.

Bí a bá sì fi ìdílé síwájú, ìbéèrè náà kò lè jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Ta ni ó ń sú? Ọmọ kékeré ń wá ohun tí ó mọ̀. Bí adágún tí ó ti ń yọ̀ lọ́dún tó kọjá kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹkún ni yóò fi bọnu. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nǹkan ń tètè sú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ni ó sú u bí kò ṣe pé wọ́n rí òun pẹ̀lú àwọn òbí òun. Ó lè fi ọkọ̀ kéwọ́, òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá mú un lọ sí òṣùpá, bákan náà ni yóò ṣe tẹ etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ orin. Bàbá a máa ka owó. Owó ọtí lọ́tọ̀, owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, owó ìmoore fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí olúkúlùkù lójoojúmọ́, títí kan ọmọ, èyí tí ó ti lé ní dọ́là 15 ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́: gbogbo èyí ni ó máa ń sú bàbá ní ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí ó ti mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ sí ojú ìwé kì í ṣe iye tí òun yóò san. Ìyá àgbà, ní tirẹ̀, kò ní ohun tí ó fẹ́ ju pé kí gbogbo wọn wà níbi kan tí kò ní í máa dúró dè wọ́n kí wọ́n tẹlifóònù. Fún un, ọkọ̀ dára nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè wá àwáwí láti tètè lọ.

Ìyá ni n óò dá dúró díẹ̀. Ohun tí ó ń gbádùn nínú ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan tí ọkọ̀ ní; ohun kan tí kò sí níbẹ̀ ni. Kò sí ọjà ní rírà, kò sí ìkòkò, kò sí "kí la ó jẹ lálẹ́ yìí?" Àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa bí ìgbádùn ṣe ń ṣá máa ń gbàgbé èyí. Ìran a máa ṣá, orin a máa ṣá, oúnjẹ olóyinmọmọ a máa ṣá kíákíá. Àìsí làálàá kì í ṣá. Ẹni tí ó bá sọ ẹrù sílẹ̀ kúrò lórí kì í sọ ní ìgbà kẹwàá pé sísọ ẹrù sílẹ̀ ti sú òun.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ bí mo ti sọ ọ́, tàbí bí wọ́n bá dá a mọ̀, kò sí owó nínú rẹ̀ fún wọn. Àṣeyípadà ni wọ́n gbà pé ó ń lé àárẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí Royal Caribbean fi bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Song of Norway, kò gba èrò 1,000. Icon of the Seas, tí wọ́n kàn ní Turku ní ilẹ̀ Finland, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ní àjà 20 àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ 7. Bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá kún, ó lè gba èrò 7,600, yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ 2,350. Wọ́n dìídì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tí ó ní ọmọ kéékèèké. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ yìí yóò la ẹnu sílẹ̀, kò sì yẹ kí a bá a wí. Àìsàn tí ó wà nínú irú oògùn yìí ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ tuntun bá dé ni gbogbo àwọn tí ó wà tẹ́lẹ̀ di ògbólógbòó. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ èrò pé kí ọkọ̀ ọdún tó kọjá sú u. Ọmọ tí ó mọ igun kan nínú ọkọ̀ kékeré, tí ó mọ àga tí bàbá bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá gbé e lọ sínú ọkọ̀ tí ó tóbi tó ìlú, ohun gbogbo yóò jẹ́ tuntun fún un, kò sì ní í sí ohun tí yóò padà bá.

Nǹkan kejì tí wọ́n fi ń fa èrò ni oyè. Ní Royal Caribbean kan náà, òru kan nínú yàrá lásán jẹ́ àmì kan. Àmì 3 sọ ọ́ di Gold, 30 di Platinum, 55 di Emerald, 80 di Diamond, 175 di Diamond Plus. Ẹni tí ó bá ní 700 ni ó dé ibi tí a ti ń pè é ní Pinnacle. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdílé tí ó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yóò di Diamond ní ọdún kejìlá. Wọn yóò di Pinnacle ní ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, bí ikú bá gbà fún wọn. Mo rí ọgbọ́n nínú ètò yìí, ọgbọ́n tí àwọn ìlú tí ń ta oyè fún àwọn tí kò gbé ìlú yóò mọ̀ dáadáa: nígbà tí adùn bá ń lọ sílẹ̀, iyì ń gòkè, ẹni tí ó yẹ kí ó ti jókòó sílé yóò sì tún lọ nítorí pé ó ku òru 10 kí ó gba káàdì.

Nassau ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún ohun tí mo ń sọ nípa ìran tí ń ṣá. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Florida lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ti lè dé olú-ìlú Bahamas yìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rin Bay Street já, ó ra fìlà koríko, ó ya fọ́tò. Nígbà kẹta, inú ọkọ̀ ni ó dúró sí, nítorí pé èrò kì í pọ̀ lẹ́bàá adágún ní ọjọ́ èbúté. Ó ní Nassau ti sú òun. Kí ni ó rí nínú Nassau tí ó fi sú u? Ibi tí kò jìnnà sí ojú òpópó tí ó ti ra fìlà ni àdúgbò Bain Town wà, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá ń gbé. Lẹ́yìn òfin 1807 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá òwò ẹrú dúró, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ àwọn tí ń kó ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń já àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Bahamas àti àwọn ibòmíràn. Yorùbá wà nínú wọn. Cleveland Eneas, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò náà, kọ ìwé kan ní 1976 tí ó sọ ní Bain Town, ó sì mẹ́nu ba àwọn Yorùbá wọ̀nyí níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ará Bahamas ń dá asue: wọn yóò kó ara wọn jọ, olúkúlùkù yóò máa san iye kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnìkan yóò sì máa kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní í mọ̀ pé èsúsú ni. Ọ̀rọ̀ náà rin òkun kan náà tí ọkọ̀ afẹ́ ń rìn, kò sì sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ tí ó gbé e.

N kò sọ pé kí ìdílé tí ó wá sinmi lọ máa kọ́ ìtàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdílé Yorùbá tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ó sọ pé Nassau ti sú òun, kò tíì rí Nassau. Ẹnu èbúté ni ó sú u. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́ ìráhùn yìí, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n wá erékùṣù tiwọn. Disney sọ Gorda Cay di Castaway Cay ní 1998. Royal Caribbean sọ Little Stirrup Cay di CocoCay, ó sì ná nǹkan bí 250 mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí kí ó tó ṣí i ní ọ̀tun ní 2019. Dípò kí wọ́n fi Nassau han èrò, wọ́n kọ́ Nassau tí kò ní ará Nassau nínú. Ó mọ́, ó rẹwà, ó sì rọrùn fún ọmọdé. Mo fura pé òun ni yóò kọ́kọ́ ṣá, nítorí pé kò ní ohun kan lẹ́yìn ohun tí ojú kọ́kọ́ rí.

Nǹkan kan tún wà tí ìbéèrè wa kò kà mọ́ra. Ìdílé tí ó lọ fún ọdún mẹ́wàá ti rí ìran náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Philippines tàbí Indonesia tí ó ń ká tówẹ̀lì, tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, yóò ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó kéré tán kí ó tó fojú kan ilé. Ọjọ́ méje ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀; kò sí ọjọ́ tí a kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ àsíá Bahamas tàbí Panama ni wọ́n sábà máa ń forúkọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sí, òfin Amẹ́ríkà lórí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù kò sì dé ibẹ̀. Ní 2020, nígbà tí wọ́n ti kó èrò sọ̀ kalẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n há sínú ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀ nítorí pé ìlú púpọ̀ kò gbà kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìsinmi tí mo sọ pé kì í ṣá fún ìyá nì, ara ẹlòmíràn ni làálàá rẹ̀ ṣí lọ, ìyá tirẹ̀ sì wà nílé tí ó ń ka oṣù. Èyí kò sọ ìsinmi náà di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó bá mọ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, tí ó béèrè iye ọmọ rẹ̀, tí ó sì fi owó lé e lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yọ lára wọn, mọ ọkọ̀ náà ju ẹni tí ó ní káàdì Diamond lọ.

Mo dárúkọ 2020, ó sì yẹ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, ọkọ̀ Diamond Princess dúró ní Yokohama ní ilẹ̀ Japan pẹ̀lú ènìyàn 3,711, àrùn náà sì mú èyí tí ó lé ní 700 nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ afẹ́ má gbéra mọ́. Oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò tí ó sanwó láti èbúté ilẹ̀ náà. Bí afẹ́ yìí bá ti sú àwọn ìdílé, àkókò yẹn ni àyè ṣí sílẹ̀ fún wọn láti jáwọ́ láìsí àlàyé. Wọn kò jáwọ́. Èrò tí ó tó mílíọ̀nù 29.7 ni ó wọ ọkọ̀ afẹ́ jákèjádò ayé ní 2019. Ní 2023, ó ti di mílíọ̀nù 31.7. Òótọ́ ni pé iye kò sọ ẹni tí ó ń padà lọ àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n kò jọ ìtàn ohun tí ó ti sú ayé.

Àwọn tí wọ́n dàgbà nígbà tí eré alárìnjò ṣì ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì yóò rántí pé kì í ṣe nítorí pé a kò mọ bí eré yóò ṣe parí ni a ṣe ń lọ. A mọ orin tí Hubert Ogunde yóò fi ṣí eré. Òun gan-an ni a tètè lọ gbọ́. Ẹni tí ó ti wo eré kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù bí a bá dé ibi ègbè. Ohun tí à ń gbè kì í tètè sú wa. Èyí ni mo fi ń wọn ọkọ̀ afẹ́, òun náà ni mo sì rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀: wọ́n ti ṣe ohun gbogbo sílẹ̀, wọn kò fi ègbè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdílé tí kò bá fúnra rẹ̀ wá ègbè tirẹ̀, ìgbà kẹrin ni yóò sú u, àjà 20 kò sì lè gbà á sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti rí i kì í ṣòro láti mọ̀. Wọ́n máa ń gbé ọpọ́n ayò tàbí káàdì tiwọn dání láti ilé. Wọ́n ní aago kan ní òwúrọ̀ tí wọ́n máa ń pàdé nídìí ibi tí ọkọ̀ ti ń fọ́n omi sẹ́yìn, kí àwọn yòókù tó jí. Wọ́n máa ń wọn àwọn ọmọ mọ́ òpó kan náà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ kò mọ̀ nípa ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, kò sì rí owó gbà lórí wọn.

Wọ́n á tún gbé tábìlì kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ yóò sì máa ta àjò ọdún tí ń bọ̀ ní ẹ̀dínwó, kí ara tó tutù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ìdílé kọjá lára tábìlì yẹn, kí wọ́n délé, kí wọ́n fọ aṣọ, kí oṣù mẹ́ta kọjá, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá ní òun kò lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ béèrè fún ọkọ̀ náà nígbà tí òun bá bí ọmọ tirẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ìbò dídì. Nínú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ó lè ti sú mẹ́rin, kí ó má sì tíì sú ìyá rárá. N kò mọ òfin tí ó ní kí ìbò mẹ́rin borí ẹyọ kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo yẹn ni ó ń dáná fún gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ 51 yòókù.